Ẹ Bi Màmá Ẹnjiníà: Bàálù Kékeré Tó Fẹ́ Gbéra, Tó sì Fẹ́ Balẹ̀ Níbi Kúkúrú

Láti ìgbà tí mo ti fẹnu kan ọ̀rọ̀ àwọn bàálù tó ń balẹ̀ sórí iyanrìn etí odò ni lẹ́tà yín ti ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn kan nínú yín ní bàálù lọ́wọ́, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, ohun kan náà sì ni gbogbo yín ń wá: kó tètè kúrò nílẹ̀, kó sì tètè dúró. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn dáhùn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ kó má bínú, ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè ẹlòmíì ti gbé e.

Màmá Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Cessna 172S ni mo ní. Pápá koríko tí mo fẹ́ máa lò gùn tó mítà 500, igi sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan ní kí n pààrọ̀ etí iwájú apá bàálù náà, àwọn kan ní kí n lẹ vortex generator, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ kéékèèké kan, mọ́ ọn, ẹlòmíì ní pròpélà ni kí n kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí. Èwo ni kí n náwó sí ná?

Ọmọ mi, fi owó náà sápò ná, ká jọ ṣírò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù rẹ sọ pé bó bá kó ẹrù kún, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, lórí ọ̀dà gbígbẹ ní ìtẹ́jú òkun, yóò sáré nǹkan bíi mítà 293 kí táyà tó kúrò nílẹ̀, yóò sì ti lo mítà 497 kó tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ìyẹn ìwọ̀n igi tó ga díẹ̀. Bó bá ń balẹ̀, láti ẹsẹ̀ bàtà 50 yẹn títí tó fi dúró jẹ́ nǹkan bíi mítà 407. Nínú rẹ̀, mítà 175 péré ni táyà fi ń sáré nílẹ̀. Ṣé o rí i? Wíwọlé rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju jíjáde lọ.

Koríko kì í sì í ṣe ọ̀dà. Àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí awakọ̀ fi ìdá 20 nínú 100 kún ìgbéra lórí koríko kúkúrú tó gbẹ, kó sì fi ìdá 15 kún ìbalẹ̀. Ìbalẹ̀ rẹ di 468, ìgbéra rẹ di 596. Ìyẹn ni pé wàá balẹ̀ sí pápá yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́, wàá wá máa wá ẹni tí yóò tú apá bàálù rẹ, tí yóò sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e jáde fún ọ. Àjọ náà tún gbani níyànjú pé kéèyàn fi 1.33 sọ iye ìgbéra di púpọ̀ nítorí ààbò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti kọjá mítà 790.

Kí a tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, ìwúwo ni kí o kọ́kọ́ mú. Bí ẹrù bá dín ní ìdá 10, ìgbéra máa ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà. Bàálù rẹ tó kún fún ẹrù jẹ́ kílò 1,157. Ìdá 10 rẹ̀ kò ju èèyàn méjì tó mọ níwọ̀n lọ. Sọ àwọn méjèèjì kalẹ̀, kí o tún padà wá gbé wọn, 596 á di nǹkan bíi 497. Kò sí kíìtì, ìyẹn àwọn ohun àfikún tí wọ́n ń tà fún bàálù, tí mo mọ̀ tó lè ṣe èyí fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ìwé bàálù rẹ ní kí o yọ ìdá 10 kúrò fún nọ́ọ̀tì 9 kọ̀ọ̀kan (nọ́ọ̀tì la fi ń wọn ìyára) tó bá ń fẹ́ kò ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, ìdá 10 lo máa fi kún un fún nọ́ọ̀tì 2 péré. Ẹni tó bá gbéra pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ní pápá onígi, kó má dá kíìtì lẹ́bi.

Ìkẹta, ìyára. Bàálù rẹ yẹ kó wá sílẹ̀ níbi kúkúrú ní nọ́ọ̀tì 61, fíláàpù rẹ̀, ìyẹn pátákó etí ẹ̀yìn apá, á sì ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Èwo lo ń lò? Mo bi ọ́ torí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó wá bá mi nítorí kíìtì ló ń wọlé ní 70, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọkàn àwọn balẹ̀. Agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa ń tẹ̀ lé ìyára ní ìlọ́po ara rẹ̀: 70 sí 61, ìdá 30 ó lé ni ìyàtọ̀ náà, láì tíì ka bí bàálù yóò ṣe máa léfòó lórí koríko, tí kò ní fẹ́ fara kanlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ kíìtì wà, èyí tí àwọn oníṣòwò kì í sọ fún yín. Ohun tí a ń fi kún apá kì í fúnra rẹ̀ mú bàálù dúró. Ó ń sọ ìyára tí apá fi máa kọ̀ láti gbé bàálù mọ́, ìyẹn stall, di kékeré ni. Awakọ̀ sì máa ń wọlé ní nǹkan bí ìlọ́po 1.3 ìyára stall. Bí a bá mú stall wálẹ̀ ní ìdá 10, ìsáré orí ilẹ̀ lè dín ní ìdá 19. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo máa fa ìyára náà wálẹ̀. Bí o bá ra etí apá tuntun tí o sì ń wọlé ní 70 bíi ti tẹ́lẹ̀, owó rẹ ti wọgbó.

Nípa etí iwájú apá yẹn, Cessna ti ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ láti ilé iṣẹ́ lára 172 láti ọdún 1973. Tìrẹ ti ní in. Ẹni tó bá ní 172 tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ máa jẹ èrè rẹ̀ dáadáa. Ìwọ, èrè rẹ máa kéré. Bí o bá tẹ́tí sí mi, ẹrù ni wàá kọ́kọ́ dín, wàá wá olùkọ́ tí yóò dúró tì ọ́ títí wàá fi lè di 61 mú láìwárìrì, lẹ́yìn náà pròpélà. Vortex generator tẹ̀ lé e. Pápá náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí onílẹ̀ bá gbà kí wọ́n gé igi ìpẹ̀kun kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 yẹn di ìtàn níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé òótọ́ ni pé àwọn pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí apá yẹn ń ṣiṣẹ́? Lójú tèmi, ó jọ pé wọ́n kàn ń fi gba owó lọ́wọ́ wa ni.

Ó ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó fara kan apá gan-an kì í yára bí èyí tó wà lókè rẹ̀, ara apá ló ń fà á sẹ́yìn. Bí imú bàálù bá ti ga, afẹ́fẹ́ tó ti rẹ̀ yìí kì í lè tẹ̀ lé apá dé etí ẹ̀yìn mọ́. Á já kúrò, á máa dàrú, ohun tó ń gbé bàálù ró á sì lọ. Vortex generator dúró ní ìdábùú díẹ̀ sí ojú afẹ́fẹ́, ó ń lọ́ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lọ́ okùn, ó sì ń fa èyí tó yára lókè wálẹ̀ wá dà pọ̀ mọ́ èyí tó ti rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á tún lókun, á sì lè lẹ̀ mọ́ apá pẹ́ sí i.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lè fojú rí i. A máa ń gé òwú ìhunṣọ sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n ìka kan, a ó fi sẹlotépù lẹ orí rẹ̀ kan mọ́ òkè apá ní ìlà-ìlà. Apá Cessna wà lókè orí awakọ̀, nítorí náà kámẹ́rà kékeré la máa ń so mọ́ ìrù. Lókè gíga, awakọ̀ á rọra dín ìyára kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo òwú náà sùn sẹ́yìn, wọ́n tẹ́ bí ìgbà tí a yarun. Nígbà tó bá yá, àwọn tó wà nídìí apá lápá ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á dìde, wọ́n á sì yí padà dojú kọ iwájú. Àwọn tó wà níwájú aileron, ìyẹn pátákó ìpẹ̀kun apá tó ń mú bàálù fì sí ẹ̀gbẹ́, ṣì sùn jẹ́ẹ́. Ẹ lẹ vortex generator, kí ẹ tún un ṣe ní ìyára kan náà, ẹ ó rí i pé ìdí apá tó ń jà tẹ́lẹ̀ ti tún sùn sẹ́yìn.

Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ sí ibi tó bá wu èèyàn o. Ó ní bátánì tí wọ́n ń tẹ́ sórí apá, a ó fọ ọ̀rá kúrò lójú ọ̀dà, a ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ kíìtì, ẹ ó rí àwọn tó ń lọ sábẹ́ ìrù àti sí ẹ̀gbẹ́ ìrù tó dúró lóòró. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí apá bá lè fò díẹ̀díẹ̀ tí ìrù kò lè gbé imú sókè ní ìyára yẹn, kí lẹ rí gbà? Àléébù rẹ̀: ẹni tó bá ń fọ bàálù kó ṣọ́ra, ó ń já kànrìnkàn, ó sì ń dá ọwọ́ légbò. Aṣọ ìbòrí apá náà á máa ya.

Mo rí àwòrán bàálù tó wọ táyà ńlá, ó wù mí gan-an. Tèmi ní táyà iwájú, kì í ṣe ti ìrù. Ṣé táyà ńlá á jẹ́ kí n balẹ̀ ní kúkúrú?

Rárá. Táyà ńlá ń jẹ́ kí o balẹ̀ sórí *òkúta*, ìyẹn yàtọ̀ sí kúkúrú. Lára bàálù oníkẹ̀kẹ́-ìrù bíi Piper Super Cub, táyà tó ga tó ìǹṣì 31 ń gbé imú sókè nígbà tó bá dúró nílẹ̀, nítorí náà bàálù lè fi ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kanlẹ̀ pẹ̀lú igun apá tó pọ̀ sí i, èrè díẹ̀ wà níbẹ̀. Tìrẹ kò ní rí ìyẹn jẹ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìwúwo á pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á máa fà ọ́ sẹ́yìn lójú ọ̀nà, fọ́ọ̀kì iwájú á sì fẹ́ pààrọ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn nínú àwòrán. Bíréèkì rẹ kò yí padà, táyà ló tóbi. Bí táyà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí bíréèkì kan náà fi ń di ilẹ̀ mú ṣe ń dín kù. Mo ti gbọ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ táyà ńlá máa sọ pé bíréèkì òun ti bàjẹ́, ó sì ti ná owó lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú táyà: ó dára lórí iyanrìn, àmọ́ bí o bá tẹ bíréèkì gbáà, táyà lè yí lórí ríìmù kó sì gé ẹnu ibi tí a ti ń fún tíúbù. Fi àmì ọ̀dà kan sára táyà, kó kọjá sórí ríìmù. Bí àmì náà bá ti yapa, táyà ti rìn.

Ọmọ mi Ẹnjiníà, àgbàlagbà ni mí, mi ò wa bàálù rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn. Wọ́n ní Jámánì ní bàálù kan nígbà ogun tó lè balẹ̀ síbikíbi. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Fieseler Storch ni. Ọdún 1936 ló kọ́kọ́ fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tínrín, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 240, wọ́n sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí iwájú apá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí àlàfo kékeré wà láàárín rẹ̀ àti apá. Slat la ń pè é. Afẹ́fẹ́ láti abẹ́ ń gba àlàfo náà jáde sí òkè apá, ó ń fún un lókun, bẹ́ẹ̀ ni imú lè ga ju ti ìgbà gbogbo lọ kí apá tó kọ̀. Gustav Lachmann ará Jámánì àti Frederick Handley Page ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olúkúlùkù ló dá ọgbọ́n àlàfo yìí rò láyè ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1918 sí 1920.

Ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù ni ti 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gbé Mussolini, olórí Ítálì tí wọ́n ti yọ nípò tí wọ́n sì há mọ́, kúrò lórí òkè Gran Sasso ní Ítálì. Gerlach tó wà á ti balẹ̀ sórí òkè náà. Ìgbéra ló wá di wàhálà: Otto Skorzeny, ọ̀gá ológun Jámánì kan, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, fi dandan lé e pé òun á bá wọn lọ. Ẹni mẹ́ta nínú bàálù tí kò fẹ́ ju méjì lọ níbẹ̀. Ó sáré dé etí òkè láì tíì gbéra dáadáa, ó já sínú àfonífojì, ibẹ̀ ló ti rí ìyára tó tó tí ó fi fò. Bí òkè náà bá jẹ́ pápá onígi ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Slat tí a dè mọ́lẹ̀ báyìí ń dín ìyára ìrìn kù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Helio Courier ní Amẹ́ríkà, slat tó ń yọ jáde fúnra rẹ̀ bí ìyára bá lọ sílẹ̀, tó sì ń padà wọlé, ni wọ́n fi sí i. Zenith CH 701 tí Chris Heintz ṣe padà sí slat tó dúró sójú kan, torí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti kàn. Àwọn kan tó ni ín ti tú slat náà kúrò, wọ́n sì lẹ vortex generator dípò rẹ̀: ó ń yára sí i lójú ọ̀nà.

Màmá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kíìtì sí apá bàálù wa tán. Bí mo bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, imú máa ń ga débi tí mi ò fi ní rí pápá mọ́. Aago ìyára á sọ pé 38, kò sí ariwo stall kankan, ṣùgbọ́n ńṣe ló máa kàn rì, á sì kanlẹ̀ gbì. Bí mo bá tún fa ọwọ́ ìdarí sẹ́yìn, ó burú sí i. Kí ló dé?

Lẹ́tà yìí ló ká mi lára jù, nítorí náà kà á dáadáa. Apá rẹ kò tíì kọ̀. Ohun tó ń fà ọ́ sẹ́yìn ló ti ju agbára ẹ́ńjìnnì tí o fún un lọ. Kíìtì mú stall lọ sílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pa ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́. Ìyára kan wà tó jẹ́ pé lábẹ́ rẹ̀, bí o bá ṣe ń rọra tó ni agbára tí o nílò ṣe ń pọ̀ tó. Bàálù rẹ tẹ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí o dé ibẹ̀, á ti stall kí o tó jìn níbẹ̀. Èyí tuntun yìí á gbà fún ọ, á máa wò ọ́. Nígbà náà, kì í ṣe ọwọ́ ìdarí ló ń sọ bí o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá ń rì, fi agbára ẹ́ńjìnnì kún un kí imú sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Fífà á sẹ́yìn ń fi kún ìfàsẹ́yìn ni, ìdí nìyẹn tó fi burú sí i.

Àti 38 yẹn, má gbà á gbọ́. Ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ fún aago ìyára wà fún afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ lọ́gbọọgba. Bí imú bá ga tó bí o ṣe sọ yìí, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ̀ ọ́, aago á sì máa sọ iye tó kéré sí òótọ́. Nínú ìwé bàálù rẹ, tábìlì kan wà tó fi iye tí aago ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ iye tòótọ́. Bí o bá fẹ́ ṣírò ìlọ́po 1.3, fi iye tòótọ́ ṣe é, kí o tó yí èsì rẹ̀ padà sí ti aago. Ọ̀pọ̀ máa ń fi iye ti aago ṣe é tààrà, wọ́n á ní àwọn ní ààyè ìdá 30, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní in.

Gbé e lọ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà pẹ̀lú olùkọ́. Sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn ni ilẹ̀, kí o wá sílẹ̀ síbẹ̀ bí o ṣe ń ṣe é. Kí olùkọ́ fa agbára ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ pátá nígbà tí imú bá ga, kí o wo iye ẹsẹ̀ bàtà tí o máa pàdánù kí o tó tún ní ìyára. Kọ iye náà sílẹ̀. Èyí tí o bá rí níbẹ̀ ni kó sọ fún ọ bóyá ó yẹ kí o máa wọlé báyìí lórí igi tàbí lórí ilé ẹlòmíì nígbà tí pápá gígùn wà. Èmi kì í fẹ́ ẹ, bí kò bá sí ìdí tó le.

Ẹ kú iṣẹ́ Màmá. Èmi lè lo irinṣẹ́. Ṣé mo lè fúnra mi fi kíìtì sí i? Mo fẹ́ fi méjì pọ̀, ti etí apá àti vortex generator, torí méjèèjì ló ní ìwé àṣẹ.

Bó bá jẹ́ bàálù tí ìwọ fúnra rẹ kàn, tí ìjọba sì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, ààyè rẹ gbòòrò. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, o lè bá wọn di nǹkan mú, o lè fọ, o lè há, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì fọwọ́ sí i. Kíìtì méjì tó ní àṣẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní STC ní Amẹ́ríkà, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán wọn wò pọ̀. Ẹni tó ń fi wọ́n sí i ló gbọ́dọ̀ rí i dájú pé wọn ò ta ko ara wọn. Kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì tó ṣe wọ́n, kí èsì wọn wà nínú fáìlì. Wọn bàálù náà lórí ìwọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́, má fi ìṣirò rọ́pò rẹ̀, kí o sì sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò.

Má gbàgbé fèrè stall. Lára 172, ihò kékeré kan ni ní etí iwájú apá òsì, afẹ́fẹ́ tó bá fà jáde níbẹ̀ ló ń fọn fèrè náà. Etí apá tuntun máa ń bò ó tàbí kó yí ipò rẹ̀ padà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún un dá sí ibi tí ìwé kíìtì bá ní kó wà. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe tán, mú áńkáṣífù tó mọ́, fi bo ihò náà, fi ẹnu rẹ fà á. Bí kò bá dún, má sanwó tó kù fún wọn.